Ọjọ́ Tí Dẹ́kìn Dúró Láàárín

Inú ń bí Bíríkìlà. Oṣù kẹrin rèé tí àbúrò rẹ̀ ti jókòó sílé láìníṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn àjèjì méjìlá tí kò níwèé ìgbélùú ń ru kọnkéré níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, ní ìdajì owó. Ẹnjiníà tó gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ náà ti ní bí àyè bá ṣí, òun á gba àbúrò náà. Àyè ọ̀hún ni kò ṣí.

"Kí wọ́n máa lọ sílé wọn," ló wí fún Káfíńtà, àbúrò ìyàwó rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń sinmi. "Ẹ̀gbọ́n ẹ gbọ́mọ lọ sọ́sibítù lánàá, káàdì ti tán. Àwọn àjèjì yìí ni wọ́n gbà á tán."

"Ṣé ẹ kà wọ́n ni?" Káfíńtà ò tiẹ̀ wojú rẹ̀. "Dókítà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹni tó ń san ìdajì owó fún wọn ńkọ́? Ẹ ò lè bá ìyẹn jà, àbí?"

"Ìwọ ò lábùúrò tó ń jẹun lọ́rùn ẹ, ìdí nìyẹn tẹ́nu ẹ fi ń yọ̀."

Káfíńtà pòṣé, ó dìde.

Ni Bíríkìlà bá pe àwọn agbófinró tó ń wá àwọn aláìníwèé. Wọ́n bi í pé ọjọ́ wo ni àwọn lè bá gbogbo àwọn àjèjì náà níbi iṣẹ́. Ó ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa da dẹ́kìn, kọnkéré tó máa bo òkè ilé. Ẹni tó ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́! Ọjọ́ kan náà là ń da dẹ́kìn tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á là níbi tí tuntun ti pàdé èyí tó ti gan. Ìbínú ti dì í lójú.

Ní aago mẹ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, wọ́n kó àwọn méjìlá náà lọ. Àwọn mẹ́rin tó kù ru páànù kọnkéré títí apá fi kú, síbẹ̀ oòrùn mú ìdajì tí wọ́n ti dà gan. Onílé dé, ó ní kí wọ́n wó o, kí Ẹnjiníà àti gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ òun.

Wọ́n ń kó irinṣẹ́ nígbà tí àbúrò Bíríkìlà wọlé tòun ti bàtà iṣẹ́ tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá lónìí, pé àyè á ti ṣí."

Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀. "Ìgbà wo ló sọ fún ẹ?"

"Láti ọjọ́ Ajé ni."

Gbogbo wọn yíjú sí Bíríkìlà. Ó di àbúrò rẹ̀ lápá mú, ó fà á jáde.