Ojúlé Kẹtàdínlógún, Ẹnìkan Péré

Akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba wojú mi, ó ní ọmọ mọ́kànlélógójì péré ló wà nínú ìwé ìkànìyàn àdúgbò wa, wọn ò tó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama fún. Mọ́kànlélógójì! Ní òpópónà tiwa nìkan, tí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi láàárọ̀, ọmọ tó ń gba iwájú mi kọjá lọ wọ ọkọ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Inú bí mi. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, kì í sì í ṣe torí iṣẹ́ mi nìkan.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ló gbé èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi débẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì ti yege ìwé mẹ́fà. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà láàárín ìlú ní àwọn ò gba ọmọ ẹ̀yìn ìlú mọ́, kí kálukú lọ kàwé ní àdúgbò rẹ̀. Àdúgbò wa kò sì ní girama. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Kí ni ọmọ yìí ṣe? Bí wọn ò bá kọ́ girama fún wa, ìdí ẹ̀rọ mi ló máa jókòó sí, ọmọ tó ń fi orí lásán ṣe ìṣirò tí èmi ò lè fi ìwé ṣe.

Ìjọba ló kó àwọn òbí wa síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ títì. Wọ́n dà wá sílẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù bí ẹni da yẹ̀pẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀ bíríkì. Ìdílé méjìlélógún ni wá. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé! Àwa la dí kòtò, a kọ́lé, a bímọ, a gba àlejò, títí ilé fi kan ilé. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ọwọ́ àwọn òbí wa ló mọ ọ́n. Nígbà tó yá, ìjọba ta ilẹ̀ náà fún ọkùnrin olówó kan, òun di onílé, àwa tí a kọ́lé wá di ayálégbé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ta ló ka èèyàn bẹ́ẹ̀? Ṣé afọ́jú ni?"

"Màmá, ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ la kọ. Ojúlé kelòó ni tiyín?"

"Ìkẹtàdínlógún."

Ó fi ìka tọ ìlà ìwé náà wálẹ̀, ó kà á síta: "Yàrá kejì. Aránṣọ. Ẹnìkan péré ló ń gbé ibẹ̀. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ buwọ́ lù ú?"

Èmi ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá kànìyàn, onílé ló ń mú wọn kiri láti yàrá dé yàrá. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnìkan ní yàrá kékeré, mẹ́ta ní ńlá. Ẹni tó bá rú u, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ta ló máa láyà láti ka ọmọ lójú rẹ̀? Bíríkìlà tó kọjú sí mi bí mẹ́fà, ẹyọ kan ló pè. Bẹ́ẹ̀ la ṣe láti ilé dé ilé, tí a fẹnu wa pa àwọn ọmọ wa rẹ́. Ìjọba tó fi onílé ṣe amọ̀nà sì mọ ohun tó ń ṣe.

Mo yíjú sí ọmọ náà, mo fẹ́ ṣàlàyé.

"Mo mọ̀, Àǹtí," ó ní. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ sọ pé kò sí ẹlòmíì."

Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

"Ẹ fún mi ní bírò," mo sọ fún akọ̀wé. "Ẹ kọ ọ́ pé irọ́ ni mo pa. Èèyàn méjì ni wá."

"Màmá, ẹ̀dà kan máa lọ sọ́dọ̀ onílé o. Ẹyọ ọmọ kan ò sì lè mú ilé ẹ̀kọ́ wá. Igba là ń wá."

"Ẹ ṣáà kọ ọ́. Orúkọ tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ. Lọ́la, màá mú bíríkìlà wá, bó ṣe etí ni mo máa fi fà á."

Ó kọ ọ́. Mo buwọ́ lù ú tagbáratagbára, ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Nígbà tí a dé ìta, ọmọ náà di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, tí onílé bá lé wa, ibo la máa lọ?"

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Ṣùgbọ́n ibikíbi tí a bá dé, tí wọ́n bá bi mí, àwa méjì ni màá sọ."