Ìyá Pui Kò Fi Òdòdó Ránṣẹ́ Mọ́

"Ṣé wọ́n ti fi ránṣẹ́?" Àǹtí Wilai bi Pui láti ìdí tábìlì kejì.

"Rárá o." Pui da ojú fóònù rẹ̀ délẹ̀.

Iléeṣẹ́ rédíò kan ní Bangkok ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti wádìí ìkìlọ̀ tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù àti ímeèlì: ẹ má mu èyí, ẹ má fọwọ́ kan tọ̀hún, ẹ fi ṣọwọ́ sí èèyàn mẹ́wàá kí aburú má baà ṣẹlẹ̀. Irọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, Pui kì í sì í pẹ́ já irọ́.

Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà yìí. Ìyá rẹ̀, Bunruean, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Lampang, fi ìkìlọ̀ sínú gúrúùpù ẹbí lọ́jọ́ Àìkú pé ẹni tó bá jẹ máńgòrò tán tó fi omi tútù wẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dì. Àsìkò máńgòrò ni, ọmọdé sì pọ̀ nínú ẹbí. Ìfẹ́ ló mú ìyá fi ránṣẹ́. Kàkà kí Pui pè é sí kọ̀rọ̀, ojú gbogbo ẹbí ló ti kọ ọ́ pé: "Irọ́ ni. Màámi, ẹ yéé tan irọ́ kálẹ̀." Obìnrin tó ti fi bírò pupa fagi lé àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ títí tó fi darúgbó ni ọmọ tirẹ̀ wá fagi lé lójú àwọn àbúrò rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni òdòdó ti dáwọ́ dúró. Àràárọ̀ ni àwọn àgbà ilẹ̀ wọn máa ń fi àwòrán òdòdó kí èèyàn, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀: àwọ̀ ìyeyè lọ́jọ́ Ajé, píǹkì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọ̀ ewé lọ́jọ́rú. Pui kì í tilẹ̀ wò ó tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an.

Ó ti pe ìyá rẹ̀ lálẹ́ àná.

"Màámi, ṣé kò sí o?"

"Kí ni ì bá wà? Ara mi le."

"Ẹ ò kí mi láàárọ̀."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá ní o káàárọ̀, o lè ní irọ́ ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́." Ó sì gé fóònù.

Àǹtí Wilai rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ. "Òótọ́ lo sọ o, ibi tó o ti sọ ọ́ ni ò dáa. Ṣé ìwọ ò lè kọ́kọ́ kí wọn ni?"

Pui wá òdòdó òṣíbàtà kan jáde nínú àwọn tí ìyá rẹ̀ ti fi ránṣẹ́ rí, ó sì sáré jù ú sínú gúrúùpù. Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí èsì ìyá rẹ̀ fi wọlé.

"Píǹkì? Lónìí Ọjọ́rú? Pui, ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó fi ránṣẹ́?"

Ẹ̀rín sọ nínú gúrúùpù. Àbúrò ìyá rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún un ní máàkì o!"

"Òdo ni mo fún un."

Pui rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ síbẹ̀, lójú gbogbo wọn: "Mo gba òdo mi, Màámi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín lọ́jọ́ Àìkú ò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Àǹtí Wilai ń ṣe bí ẹni ń kàwé. Nígbà tó yá, òdòdó aláwọ̀ ewé kan wọlé, ó tóbi, ó sì ń dán.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan mìíràn dé, Pui nìkan ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Ìkìlọ̀ ni, pé ẹni tó bá sùn ti fáànù, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á gbẹ. Ìyá rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mi ò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Bá mi wò ó ná, ọmọ mi."

Ìkìlọ̀ kún orí tábìlì Pui láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ti ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú.