Orí Onígbàjámọ̀

Láti ìgbà tí ìyàwó onígbàjámọ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan orí rẹ̀ mọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń gẹrun fún, tirẹ̀ sì kún bí igbó. Ọ̀bẹ kì í kúkú mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìyàwó ló ń bá a gẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré a máa jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kì í gbé ẹ̀rọ ìgẹrun lé ọrùn oníbàárà láìkọ́kọ́ gbé e lé tara rẹ̀. Bó bá tutù, a fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹni tó bá máa fi igi gún ọmọ ẹyẹ," ló máa ń wí fún un, "kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oníbàárà tó kẹ́yìn lọ. Bàbá jókòó sórí àga oníbàárà, ó dojú kọ dígí. Ọmọ wò ó títí. Ó gun àpótí, ó gbé ẹ̀rọ lé ọrùn ara rẹ̀, ó mirí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á dáadáa kó tó gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́rùn.

"Ṣé ó ṣì tutù, Bàbá?"

Bàbá tẹ orí wálẹ̀ fún un. "Kò tutù mọ́, ìyá mi."

Lọ́jọ́ kejì, orí rẹ̀ rí bí oko tí ewúrẹ́ wọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan dìde, ó ní kóun bá a tún un ṣe.

"Jókòó síbẹ̀," ni bàbá wí. "Ọwọ́ ẹ ò gbọdọ̀ kàn án."