Alápatà Tí Kì Í Jẹ Ẹran

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn ará ọjà ti sọ ọ́ ṣáájú mi, wọ́n sì ti bu ata àti iyọ̀ tí kò sí nínú rẹ̀ sí i. Àwọn kan ní mo já ẹran gbà lẹ́nu ọkọ mi. Irọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti já a gbà. Kò tíì dé ẹnu.

Orúkọ mi ni Safiyat. Kabir ni ọkọ mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Àmínát. Alápatà ni, alápatà ni baba rẹ̀, alápatà ni baba baba rẹ̀. Bí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ànàmọ́ wọ ọjà ní Ọ̀fà, tábìlì kẹta lọ́wọ́ òsì ni tirẹ̀, níbi tí ẹ ó ti gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń bú eṣinṣin bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ wí.

Èèyàn dáadáa ni, ẹran rẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn. Ọdún kọkànlá rèé tí nǹkan kan ti ń yọ sí i ní ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún. Yóò pọ́n, yóò nípọn, yóò máa ṣí bí èèpo, yóò sì máa yún un títí ilẹ̀ á fi mọ́. A pè é ní làpálàpá, a pè é ní kúrúná. A fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, a fi àdín pa á, a fi oríṣiríṣi ewé lọ̀ ọ́. Kò gbọ́ èdè kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi wá ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó ní ẹ̀fúùfù ń bá òun jà.

Nígbà tó dé ẹ̀yìn ọwọ́ ni wàhálà dé. Alápatà wo ló lè kó ọwọ́ sápò ta ẹran?

Mummy Ọmọ́yẹni ló kọ́kọ́ rí i. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Mummy, wọ́n sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ohùn wọn kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà.

"Bàbá Àmínát, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

Gbogbo ọjà yíjú.

"Iná ló jó mi, Mummy," ọkọ mi dáhùn.

"Irú iná wo ló ń jó èèyàn lọ́wọ́ méjèèjì dọ́gbadọ́gba?"

Mummy bá kọjá sí ọ̀dọ̀ Àlàbí, alápatà tó wà ní òdìkejì. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìdajì àwọn oníbàárà wa ti tẹ̀ lé wọn. Ìgbà yẹn ni ọkọ mi tó gbà kí ọmọ wa, Àmínát, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin, mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń wo awọ ara, èmi náà sì bá wọn lọ.

Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tó wọ jígí, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní kì í ṣe làpálàpá, kì í sì í ràn. Ó ní kò ní lọ pátápátá, àmọ́ ó ṣeé tọ́jú kó rọlẹ̀. Ó pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà gùn, ó sì ń dún ṣíṣí bí ejò. Mi ò lè pè é, mi ò sì ní dán an wò. Ó kọ ìpara fún un, ó wá béèrè ohun tó ń jẹ.

"Baba, kí lẹ máa ń jẹ láàárọ̀?"

"Ẹran. Pẹ̀lú búrẹ́dì díẹ̀."

"Ọ̀sán ńkọ́?"

"Ẹran."

"Ẹran àti kí ni?"

Ọkọ mi wo ojú mi pé kí n gba òun. Mo wo òkè àjà. "Àti ẹ̀dọ̀," ó ní.

Dókítà rọra gbé bírò sílẹ̀. Ó ní oúnjẹ nìkan kọ́ ni oògùn, òun ò sì lè ṣèlérí, ṣùgbọ́n òun ti rí àwọn tí ara wọn balẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ẹran sílẹ̀, tí wọ́n gbájú mọ́ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso àti ohun tí ilẹ̀ bá hù. Ó ní kí Baba dán an wò fún oṣù mẹ́ta, kó máa lo ìpara rẹ̀, kó sì padà wá.

"Ṣé adìyẹ náà wà nínú ẹran?" ọkọ mi béèrè.

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Ẹja ńkọ́? Ìgbín ńkọ́?"

"Baba, ohunkóhun tó bá ti lè rìn, ẹ jẹ́ kó máa lọ."

"Ìgbín kì í rìn," ọkọ mi ní. "Ó ń wọ́ ni."

Nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá Àjàṣẹ́ bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ó pè mí ní oríkì mi, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Àdìkẹ́, mi ò lè dá a ṣe. Bí ìwọ bá ń jẹ ẹran nínú ilé tí èmi ń jẹ ewé, màá kú ni."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti là. "A jọ máa ṣe é ni, Bàbá Àmínát. Èmi náà ò ní fẹnu kan ẹran." Àwọn àgbà sọ pé àìmẹ́nu, àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ni wọ́n ń bá wí.

Mo gbìyànjú o. Mo ń ra tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ti Òjokú wá, mo ń fi irú àti ẹ̀gúsí sè é títí gbogbo àdúgbò á fi máa ta sánsán. Mọ́ínmọ́ín tí mo ń ṣe ní ẹlẹ́mìí méje tẹ́lẹ̀, ẹyọ ẹ̀mí kan kò kù nínú rẹ̀. Àmínát ń pè wá lórí fóònù láràárọ̀ bí ọlọ́pàá, ó ní wàrà náà ò gbọdọ̀ wọlé. Wàrà! Ní Kwara! Ìjàkadì ni orò Ọ̀fà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí ìjàkadì bí ẹ ò bá rí ọkọ mi níwájú àwo ẹ̀wà. Yóò wò ó, yóò yí àwo náà po, yóò fi ṣíbí tú u wò bóyá ohun kan sá pa mọ́ sísàlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fara dà á. Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sílé Asiata, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa. Mo mú ẹran lórí tábìlì ọkọ mi, mo ní oníbàárà kan ló rán mi. Kì í ṣe irọ́ tán, èmi náà kúkú ni oníbàárà ọ̀hún. Mo sè é ní ààrò Asiata, a jọ jẹ ẹ́, mo fi kànáfùrù pa òórùn rẹ̀ lẹ́nu, mo darí sílé. Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni. Ọkọ mi tiẹ̀ ń yìn mí pé ewé ti jẹ́ kí ẹnu mi máa ta sánsán.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn? Kí oṣù kejì tó parí, ohun tó nípọn ti ń fẹ́lẹ́, ó ti ń sùn lóru. Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ń dán, ó ku àpá tó ṣì dúdú nígbọ̀nwọ́. Iléyá dé láàárín, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré lòun fẹ́ fi jẹ àgbò. Ní ọjọ́ kẹfà, ọwọ́ rẹ̀ tún ti ń pọ́n, ó ń ha á kiri ilé. Kò sẹ́ni tó tún kọ́ ọ mọ́. Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀, ọwọ́ náà sì tún padà bọ̀ sípò.

Lọ́jọ́ kan tó ń wo ọwọ́ náà, ó ní: "Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ, Àdìkẹ́. Bí kì í bá ṣe pé a jọ ń jẹ ẹ́ ni, ǹ bá ti pa á tì tipẹ́." Ojú tì mí dé egungun. Ẹran tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn há mi lọ́fun. Mo gbé e mì ṣá.

Àwọn oníbàárà padà, wọ́n rí ọwọ́ tó mọ́, inú wa dùn. Inú dídùn náà kò pẹ́. Àwọn alápatà máa ń sun ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀yinná láàárọ̀ kí èrò tó dé, wọ́n á jọ jẹ ẹ́, wọ́n á jọ ṣẹ̀fẹ̀. Àlàbí ló ṣàkíyèsí pé Kabir kì í nawọ́ mọ́. Àlàbí kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹnu rẹ̀ ni kò nílẹ̀kùn. Ó sọ ọ́ létí Mummy Ọmọ́yẹni.

"Alápatà kì í jẹ ẹran?" Mummy pariwo. "Kí ló rí níbẹ̀?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nìyẹn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ní màlúù tó kú sójú ọ̀nà ló ń tà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ẹran náà ń tan iná nínú òkùnkùn. Tábìlì wa dá páropáro. Ọkọ mi kò sì lè ṣàlàyé. Bó bá ní nítorí àrùn awọ ara ni, ṣebí wọ́n á tún sá. Ọwọ́ tó bàjẹ́ lé wọn lọ, ọwọ́ tó sàn tún lé wọn lọ.

Alhaji Kamaldeen, olórí àwọn alápatà, pè é. "Kabir, jẹ ẹran ẹ lójú wọn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o. Àràárọ̀ ni kí wọ́n máa rí i. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wàá kó tábìlì ẹ kúrò, torí ọ̀rọ̀ ẹ ti fẹ́ ba ọjà gbogbo wa jẹ́."

Ọkọ mi kò jẹ ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ baba rẹ̀ nìyí, ara rẹ̀ nìyí, ó sì di dandan kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èrò pé. Mummy Ọmọ́yẹni ló wà níwájú, wọ́n gbé jígí wọn wọ̀. Alhaji Kamaldeen fúnra rẹ̀ ló gé ẹ̀dọ̀ lórí tábìlì wa, ó sun ún, ó fi lé ọkọ mi lọ́wọ́. Ọkọ mi gbé e sókè. Ó wá yíjú sí mi.

"Àdìkẹ́, má bínú sí mi," ó ní. "Mo fẹ́ da àdéhùn wa."

Ẹ gbọ́ ná. Èmi ló ń bẹ̀! Mi ò mọ ìgbà tí mo fò síwájú. Mo já ẹ̀dọ̀ náà gbà, mo jù ú sẹ́nu, ó jó mi láhọ́n, mo gbé e mì.

"Èmi ni mo ń jẹ ẹ́!" mo pariwo. "Ojoojúmọ́! Ó lé lóṣù mẹ́rin báyìí! Orí tábìlì yìí ni mo ti ń mú un, ilé Asiata ni mo ti ń sè é! Ẹ wò mí dáadáa, ṣé mo jọ ẹni tí ẹran burúkú ń pa?" Mo yípo kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn náà.

Mummy Ọmọ́yẹni wò mí látòkè délẹ̀. "Lóòótọ́, Ìyá Àmínát ti sanra sí i," wọ́n ní. "Kí ló wá dé tí ọkọ ẹ kì í jẹ ẹ́?"

Gbogbo ojú padà sára ọkọ mi. Ó wá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tó lápàá hàn wọ́n.

"Àrùn awọ ara ni," ó ní. "Kì í ràn. Mo ní ìpara, mo sì ń jẹ ewé. Nígbà tí mo bá jẹ ẹran, ó máa ń padà. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi sọ. Ẹran mi ò ṣe nǹkan kan. Ara mi ni."

Mummy Ọmọ́yẹni bọ́ jígí wọn, wọ́n nù ún.

"Ẹ̀yin lẹ wá ń pè é ní iná," wọ́n ní. Ẹ̀rín bú. Mummy sún mọ́ tábìlì. "Ibi tí Ìyá Àmínát máa ń jẹ gan-an ni kí ẹ gé fún mi."

Kí ó tó di ìrun ọ̀sán, a ti tà tán. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ yẹn, ọkọ mi ò bá mi sọ gbólóhùn kan. Eṣinṣin pàápàá, kò bú wọn.

A délé. Lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbì, mo gbé ẹ̀wà àti ànàmọ́ rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ó béèrè.

"Ọjọ́ kẹwàá."

"Ọjọ́ kẹwàá! O ò tiẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ méjì!"

"Ẹ forí jì mí, Bàbá Àmínát."

"Ó dùn mí, Àdìkẹ́. Mi ò ní purọ́." Ẹ̀rù bà mí pé yóò ní òun náà ò ṣe mọ́, pé gbogbo ìyà tó ti jẹ máa ṣòfò nítorí ọ̀fun mi. Ó wá na ọwọ́ sí ọ̀rá kan tó gbé bọ̀ láti ọjà, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Ẹran ni, ó lọ́ràá, ó dára. "Dìde, lọ sè é. Nínú ilé yìí ni kí o ti sè é."

Mo sè é. Mo bù ú wá, mo jókòó tì í, mi ò lè gbé e sẹ́nu. Ọkọ mi wọ́ àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó tẹ̀ síwájú lórí àwo mi, ó di ojú, ó fa òórùn náà símú pẹ́, bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ó wá bu ṣíbí kan nínú ẹ̀wà rẹ̀, ó fi sẹ́nu.

"Ó yá, jẹ ẹ́," ó ní.

Mo bu ẹran náà jẹ.

"Má kánjú, Àdìkẹ́. Rọra máa jẹ ẹ́, kí èmi náà lè gbádùn ẹ̀."