Irun Tó Hù Nínú Bátìrì

Ìdílé onígbàjámọ̀ ni wọ́n bí Hikmat sí ní Pópó Yemọja, ṣùgbọ́n irun tó ń bá a jà kò hù lórí ẹ̀dá kankan. Inú bátìrì ló ń hù. Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni láti fi ògidì líthíọ́ọ̀mù, irin rírọ̀ tí ọ̀bẹ ń gé bíi wàrà, ṣe bátìrì tó ṣeé ṣájì léraléra. Bó bá ti ń ṣájì, ibi tí ojú irin náà kò bá ti dán ni irun, ìyẹn fọ́nrán irin tín-ín-rín, ti ń hù. Irun náà á gùn, á gún rọ́bà fẹ́lẹ́ tó wà láàárín já, bátìrì á sì jóná.

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Dáramọ́lá, ti kìlọ̀ ìkẹyìn fún un: "Bí bátìrì kan tó kù yìí bá tún jó, wàá wá iṣẹ́ mìíràn ṣe."

Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ha líthíọ́ọ̀mù níbẹ̀ ti kú. Ilà ló ń kọ sí i lára. Hikmat mọ abẹ tí kì í kọlà. Ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Gàníyù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ní Bẹẹrẹ.

"Bàbá, ẹ yá mi ní abẹ ńlá yẹn."

"Orí ta lo fẹ́ fá?"

"Irin ni. Irun ló hù sí i."

Gàníyù pàtẹ́wọ́. "Irun lórí irin! Ṣé Mẹ́kà ni irin náà ń lọ?"

Àwọn tó ń dúró de orí fífá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ yá mi."

"Abẹ ilé wa kì í bọ́ sọ́wọ́ obìnrin."

"Èyí tí ẹ kọ́ wa kọ́ nìyẹn. Ẹ ní ẹni tó bá fá orí ọ̀gá tí ẹ̀jẹ̀ ò ta, òun ló lè gbé abẹ."

"Ọkùnrin ni mo sọ ọ́ fún."

"Ẹ ò dárúkọ ọkùnrin. Ẹ ṣí fìlà."

Ọkùnrin kan tí wọ́n fá orí rẹ̀ dé ìdajì ní, "Àlàájì, àbí ẹ̀rù ń bà yín?"

Gàníyù ṣí fìlà.

Hikmat rin orí náà gbindin.

"Ṣé o fẹ́ rì mí sódò Kúdẹtì ni?"

"Irun gbígbẹ ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́."

Ó fi ọwọ́ òsì fa awọ orí le, ó tẹ́ abẹ lé e pẹrẹsẹ, ó ń fà á láìkánjú. Nígbà tó parí, Gàníyù fúnra rẹ̀ mú òwú, ó nu orí, ó wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó. Funfun ni òwú náà, ẹ̀jẹ̀ ò ta.

"Mú un lọ," ó ní. "Bí ẹnu abẹ náà bá yọ eyín, má padà wá."

"Màá padà. Irun orí yín á ṣáà hù."

Nínú àpótí onígíláàsì tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, ó fá líthíọ́ọ̀mù náà títí ó fi ń dán bí orí Gàníyù. Dáramọ́lá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Abẹ onígbàjámọ̀?"

"Ti ilé wa ni, sà."

Ó to bátìrì náà, ó dè é pinpin, ó so iná mọ́ ọn. Ó ṣájì, ó lò ó tán, ó tún ṣájì. Kò jó. Orí Gàníyù ti kún fún irun, síbẹ̀ kò jó.

Hikmat wá mú abẹ, ó padà sí Bẹẹrẹ.

"Bàbá, irun tiyín nìkan ló hù. Ẹ ṣí fìlà."