Agbádá Tí Àpò Rẹ̀ Wà Lápá Ọ̀tún

Màmá Akínfẹ́nwá ti jókòó síwájú àwòrán náà fún bí ìdajì wákàtí. Ìgbà kẹta tí wọ́n máa wá wò ó nìyí. Ayọ̀tọ́lá tó yà á dúró sẹ́yìn wọn, ó fún búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ bá a jà.

"Ó jọ ọ́," ni màmá wí nígbẹ̀yìn. "Ó jọ ọ́ gan-an ni. Àmọ́ òun kọ́."

"Kí ló kù, mà? Ṣé imú ni?"

"Imú rẹ̀ nìyí."

"Ojú ńkọ́?"

"Ojú rẹ̀ náà nìyí. Ayọ̀tọ́lá, tí mo bá mọ ohun tó jẹ́, ṣé mi ò ní sọ fún ẹ ni? Ó dà bíi pé àbúrò rẹ̀ ló wọ aṣọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkọ mi, Bàbá Bísí, ò ní àbúrò ọkùnrin."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, iṣẹ́ yìí ti fẹ́ sọ Ayọ̀tọ́lá di wèrè. Ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí Agége ni. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ya àwòrán nínú yàrá kan tí wọ́n ń kó páálí sí tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ọ̀gbà, níbi tí òórùn ṣúgà gbígbóná ti ń fi ebi pa èèyàn láti òwúrọ̀. Ó ti ya pásítọ̀, ó ti ya àwọn olówó tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Allen, ó ti ya ajá ẹnì kan rí. Kò sí èyí tí wọ́n wò tí wọ́n ní òun kọ́. Ajá yẹn pàápàá gbó nígbà tó rí ara rẹ̀.

Ọkọ màmá ló ń yà lọ́tẹ̀ yìí, Olúgbénró Akínfẹ́nwá, ọmọ Oǹdó, tó kú ní oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọkùnrin náà kì í fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò òun. Bí wọ́n bá yà á, á wò ó, á ní, "Èmi kọ́ nìyí," á sì fà á ya. Ìyàwó rẹ̀ á bínú títí, kò ní gbọ́. Ẹyọ fọ́tò kan ṣoṣo ló tẹ́ ẹ lọ́rùn láyé, òun fúnra rẹ̀ ló fi fóònù yà á ní oṣù méjì kó tó lọ. Ó wọ agbádá sányán tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó dé fìlà, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sọ́rùn, ó na fóònù síwájú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Bísí ọmọ wọn tó wà ní Kánádà lórí wáàsáàpù. Fọ́tò yẹn ni màmá gbé wá láti Òmọ̀lé. Wọ́n fẹ́ kí Ayọ̀tọ́lá ya bàbá lódindi, ní ìdúró, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀, kí ó wà lára ògiri pálọ̀ kí ọdún tó pé.

Wọ́n sọ ìdí rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn ò fi bò. "Ojú rẹ̀ ti ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́," ni wọ́n wí. "Ohùn rẹ̀ ṣì wà létí mi, kò tíì lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá jí láàárọ̀, tí mo fẹ́ rántí bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, mi ò rí i mọ́. Bá mi dá a dúró."

Nísinsìnyí, màmá gbé báàgì wọn, wọ́n sì dìde lórí àga. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ohùn tí wọ́n fi ń ka èsì ìdánwò fọ́mọ tó gba òdo ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ nípa ara wọn.

"Má dá ara ẹ lóró mọ́. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tìẹ dára. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo ti gbàgbé ojú ọkọ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ayọ̀tọ́lá ju èébú lọ. Nígbà tí màmá lọ tán, ó mú rúlà, ó wọn fọ́tò, ó wọn àwòrán. Àyè tó wà láàárín ojú méjèèjì pé. Gígùn imú pé. Bí ẹnu ṣe gbé sókè díẹ̀ lápá kan, ó wà níbẹ̀. Ó ti tún irùngbọ̀n yà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fi pupa díẹ̀ kún dúdú ara, ó ti mú ìmọ́lẹ̀ kúrò níwájú orí, ó tún dá a padà. Báwo ni nǹkan ṣe lè pé tó báyìí kó má sì jẹ́ òótọ́? Ìbéèrè yẹn ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó jẹun kò mọ̀ pé òun jẹun. Inú rẹ̀ kò dùn, àmọ́ ká má parọ́, ó wù ú láti mọ̀ ju bó ṣe bà á nínú jẹ́ lọ.

Nígbà tí kò mọ ohun tó máa ṣe sí ojú, ó kọjú sí aṣọ. Ọnà tí wọ́n fi òwú ṣe sí àyà agbádá náà kò hàn dáadáa nínú fọ́tò, àfojúdíwọ̀n ló fi ń yà á láti ọjọ́ yìí. Nípa agbádá, òpè pátápátá ni Ayọ̀tọ́lá. Ọmọ Aládùúrà ni. Sùtánà funfun ni bàbá rẹ̀ wọ títí Ayọ̀tọ́lá fi dàgbà, kò bá ẹnikẹ́ni ká agbádá rí, áńbọ̀sì pé yóò mọ ohun tó wà láyà rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn télọ̀, wọ́n sì júwe Bàbá Abdulkabir fún un, ní Agége, nítòsí ojú irin. Ogójì ọdún ni bàbá náà ti ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ṣe ọnà sára agbádá, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà nítòsí wọn.

Bàbá náà gba fóònù tí fọ́tò náà wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ Ayọ̀tọ́lá, wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n tún un wọ̀.

"Ta ni télọ̀ tó ṣe ìranù yìí?"

"Aṣọ ìgbàanì ni, sà. Bàbá ọkùnrin náà ló fi sílẹ̀ fún un."

"Irọ́ ni! Àwọn àgbà ìgbà yẹn ò lè ṣe èyí, kódà kí wọ́n ti yó. Apá wo ni àpò wà?"

Ayọ̀tọ́lá wò ó dáadáa. "Apá ọ̀tún rẹ̀, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọwọ́ ọ̀tún lo máa wá ká kò báyìí, kó o tó fi wọ àpò ọ̀tún? Ṣé o fẹ́ ṣẹ́ ara ẹ lápá ni?" Bàbá dìde, wọ́n ṣe bí ẹni wọ agbádá, wọ́n da apá rẹ̀ sí èjìká, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún gba iwájú àyà kọjá sápá òsì wẹ́rẹ́. "Òsì ni àpò agbádá ń wà. Ibẹ̀ náà ni ọnà tó pọ̀ jù ń wà. Kò sẹ́ni tó ń bá wa du ìyẹn. Ọmọ, fóònù ẹ ló ń purọ́, télọ̀ ò ṣẹ̀."

Wọ́n fà á lọ síwájú dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, wọ́n sì gbé fóònù náà kọjú sí i. Nínú dígí, àpò ti padà sápá òsì. Bàbá rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn bí ẹni tó jàre lẹ́jọ́.

Àmọ́ àpò kọ́ ni Ayọ̀tọ́lá ń wò. Ojú ni. Ẹ̀rín tó ti ń yà láti oṣù méjì sẹ́yìn, tó ń dà bí ẹ̀rín ẹni tó ń fi èèyàn ṣẹ̀sín díẹ̀, ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ti di ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ béèrè bóyá o ti jẹun. Ojú tó kéré ju èkejì lọ ti yí padà. Fìlà ti tẹ̀ sápá kejì. Ọkùnrin mìíràn ló ń wò ó láti inú dígí yẹn.

"Òun ló ya ara rẹ̀," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Fóònù náà sì ya ojú tó máa ń rí nínú dígí fún un. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn rẹ̀!"

Gbogbo fọ́tò tí ọkùnrin yẹn fà ya, òun gan-an ni. Ojú tí ayé ń rí ni, kò kàn mọ̀ ọ́n. Màmá tó jókòó kọjú sí i nídìí oúnjẹ fún ọdún méjìlélógójì kò sì pàdé ti inú dígí rí.

Ó fẹ́ sáré padà sí Ọ̀gbà lójú ẹsẹ̀, àmọ́ bàbá fa àga síwájú rẹ̀. "Jókòó. Ṣé o ò wá kọ́ ọnà mọ́ ni?" Wọ́n fi hàn án bí òwú ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọrùn, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń yí po, tí wọn kì í já a títí yóò fi padà síbi tó ti gbéra. "Tó o bá já a láàárín, ojú èèyàn máa mọ̀, bí ẹnu wọn ò tiẹ̀ lè sọ ọ́." Ayọ̀tọ́lá rántí Màmá Akínfẹ́nwá, ó sì mi orí.

Ó yí àwòrán àkọ́kọ́ kọjú sí ògiri, ó na kánfáàsì tuntun. Aṣọ ló kọ́kọ́ ṣe. Ó po yẹ́lò mọ́ búráùn, ó fi eérú díẹ̀ sí i títí ó fi rí àwọ̀ sányán. Ó wá ń fa ìlà ọnà náà lọ́kọ̀ọ̀kan láìgbé búrọ́ọ̀ṣì sókè, bí Bàbá Abdulkabir ṣe kọ́ ọ. Bí ìlà bá wọ́, á fi kẹrosíìnì nu gbogbo rẹ̀, á tún un bẹ̀rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ló bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, ó ya wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ìkẹyìn ló fi ṣe ojú, kò sì wo fọ́tò náà àfi nínú dígí tó gbé kọ́ ara ògiri. Ọjọ́ kẹsàn-án ló parí.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Màmá Akínfẹ́nwá dé. Wọn ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí wọ́n fi rí i. Wọ́n dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ eékún díẹ̀, bí ìyàwó ilé ṣe ń kí ọkọ tó ti ibi iṣẹ́ dé.

"Bàbá Bísí. Ẹ káàbọ̀ o."

Omi bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. "Mi ò gbàgbé," ni wọ́n wí. "Ayọ̀tọ́lá, mi ò gbàgbé ojú ọkọ mi."

"Ẹ ò gbàgbé, mà. Èmi àti fóònù la ṣì í."

Ó ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní kó yí ti àkọ́kọ́ síta. Wọ́n fa àga sáàárín àwòrán méjèèjì, wọ́n ń wo èyí, wọ́n ń wo tọ̀hún.

"Èyí ló máa ń rí tó bá ń tún irùngbọ̀n ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó sì lọ láìrí tèmi yìí."

Màmá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wo bóyá ó wú.

"Èmi náà ńkọ́?"

"Kí ni, mà?"

"Èyí tí mò ń rí nínú dígí. Òun kọ́ ni Bàbá Bísí mọ̀."

"Rárá, mà. Èyí tí mò ń wò báyìí ló mọ̀."

"Láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀ ló ti ń sọ pé mo rẹwà. Èmi á ní kó yéé purọ́, ṣé mi ò ní dígí nílé ni? Mi ò mọ̀ pé obìnrin mìíràn ló ń wò." Wọ́n gbé àga wọn sún mọ́ ojú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, wọ́n tún gèlè orí wọn ṣe, wọ́n sì kọjú sí Ayọ̀tọ́lá. "Mú búrọ́ọ̀ṣì ẹ. Ya obìnrin yẹn fún mi, mo fẹ́ rí i."