Rọ́bà Epo Tó Mọ́ Gaara

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò kìlọ̀. Rọ́bà tí epo bẹntiróòlù ń gbà dé ẹ́ńjìnnì alùpùpù tí bàbá Bùọ̀dá Philemon fi sílẹ̀ fún un ti gbó, ó ti sán. Mo gbé rọ́bà dúdú tó nípọn síwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókìtìpupa. Ó kọ̀ ọ́. Èyí tó mọ́ gaara ló fẹ́, kó lè máa rí epo bó ṣe ń lọ.

"Ooru ẹ́ńjìnnì á mú kí ìyẹn gan, á sì yọ."

"Charity, rọ́bà ni mo ní kí o tà, n ò ní kí o ríran. Wòlíì ń dúró dè mí n'Ígbódìgò, wọ́n fẹ́ gbàdúrà sí alùpùpù yìí lónìí."

Olórí kunkun! Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti rọ́bà náà bọ ìdí táǹkì, kò dúró kí n fi wáyà dì í, ó gun alùpùpù lọ.

Nígbà tí mo ń gbálẹ̀ ni mo rí epo tó kán sílẹ̀ níbi tó gbé alùpùpù sí. Mo pè é títí. Wọ́n máa ń pa fóònù nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Mo mọ àdúrà náà. Àbẹ́là méje ni wọ́n ń tàn yí alùpùpù ká.